Ẹ JẸ́ KÍ A YẸ AGBO WÒ BÍ A TI Ń YẸ KÒKÓ WÒ

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́

 Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdìbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ta ni yóò jẹ alága káńsù. Ọ̀rọ̀ ìrora ni, ìrora tí kì í lọ bọ̀rọ̀, àti ọ̀rọ̀ àwọn ewé àti egbò tí a fi ń lé e.

Kò sí àgbẹ̀ tí ó ti fi ogún ọdún ro oko kòkó tí kò mọ ohun tí mò ń wí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ̀yìn a máa ro ó, orúnkún a máa dùn ún, kò ní í lè na ọwọ́ rẹ̀ tán. Làkúrègbé ni àwọn bàbá wa ń pè é. Ìrora mìíràn sì tún wà tí ó le ju èyí lọ, ti ọmọ tí a bí pẹ̀lú àrùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. Hóró ẹ̀jẹ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa tẹ̀ bí dòjé, a sì máa dí ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ara. Níbi tí ó bá ti dí ni ìrora yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó ru irúgbìn àrùn yìí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bí òun tìkára rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣàìsàn. Ní 2006 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àwọn ọmọ bí 150,000 ni a ń bí pẹ̀lú àrùn náà ní orílẹ̀-èdè wa lọ́dọọdún.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára wọn. Mo ti jókòó tì í rí ní òru ọjọ́ kan tí ó ń ké pé, "Egungun mi o, egungun mi o," tí ìyá rẹ̀ ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, tí bàbá rẹ̀ sì jáde lọ wá ọkọ̀ tí kò rí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí oòrùn tó yọ dáadáa, ìgò agbo mẹ́ta ti wọlé. Aládùúgbò gbé ọ̀kan wá, ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbé èkejì wá, obìnrin kan tí ń kiri agbo gbé ẹ̀kẹta wá, ó sì gba owó rẹ̀. Olúkúlùkù búra pé tòun ni ó dájú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi wọ́n: "Ẹ jọ̀wọ́, nínú iye ènìyàn tí ó ti mu agbo yìí, mélòó ni ara wọn yá, mélòó ni kò yá?" Màmá àgbà dá mi lóhùn pé, "Ọmọ mi, a kì í ka ẹni tí oògùn bá wò sàn." Obìnrin oníkirì ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣáà fún un mu." Kò sí ẹni tí ó lè sọ iye kan fún mi nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi, òun ni mo sì gbé síwájú yín lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta kòkó, ẹ mọ bí a ti ń yẹ ẹrù yín wò. Ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò a bu hóró láti inú àpò kan dé òmíràn, a fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan, a wo inú wọn bóyá wọ́n ti bu, bóyá kòkòrò ti jẹ wọ́n; a ka èyí tí ó bàjẹ́, a ka èyí tí ó dára, lẹ́yìn náà ni yóò tó sọ ipò tí kòkó náà wà. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú yín ti bínú rí pé ọ̀bẹ náà tàbùkù bàbá òun tí ó gbin igi kòkó? Rárá o. Ẹ mọ̀ pé ọ̀bẹ náà ni ó ń dáàbò bo olóòótọ́. Bí kò bá sí i, ẹni tí ó sá kòkó rẹ̀ gbẹ àti ẹni tí ó da omi sí i yóò jọ gba iye kan náà, láìpẹ́ ọjà yóò sì kọ ti àwọn méjèèjì. Ó wá yà mí lẹ́nu pé àwa tí a ń la kòkó tí òyìnbó yóò jẹ sí méjì kí ó tó kúrò nílé, a kì í la ohun tí a ń dà sí ọ̀fun ọmọ tiwa.

Ẹnì kan lè wí pé àjọ NAFDAC wà, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1993. Òtítọ́ ni, ó wà. Ṣùgbọ́n ẹ mú ìgò agbo tí ó ní nọ́ńbà àjọ náà lára, ẹ wọ gíláàsì ojú yín, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ kékeré tí a kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ óò rí i pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí a ní agbo náà ń ṣe wò. Nọ́ńbà náà kò sọ pé agbo náà ń wo ìrora sàn. Ẹni tí ó ta á fún yín kò ka ibẹ̀ sí yín létí, ìjọba kò sì fi èdè yín kọ ọ́.

Kí ni ó dé tí ojú lásán kò fi tó láti mọ agbo tí ó dára? Ìdí rẹ̀ ni pé ìrora a máa lọ, a sì máa bọ̀. Làkúrègbé a máa le, a sì máa dẹ̀. Ọmọ fòní-kú-fọ̀la-dìde a máa dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, a sì dìde ní ọjọ́ karùn-ún, ìbáà mu agbo, ìbáà má mu. A kì í wá agbo kiri àfi ní ọjọ́ tí ìrora bá le jù. Ọjọ́ tí ó bá sì ti le jù, dídẹ̀ ni ó kù. Agbo tí a mu kẹ́yìn ni ó ń gba ọpẹ́.

Àgbẹ̀ tí ó gbọ́n mọ bí a ti ń bọ́ lọ́wọ́ irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé ajílẹ̀ tuntun wá, kò ní í dà á sí gbogbo oko. Yóò dà á sí ogún ebè, yóò fi ogún ebè mìíràn sílẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà, lábẹ́ òjò kan náà, ní ìkórè ni yóò sì mọ òtítọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ń dán oògùn wò. A ó pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì. Apá kan yóò lo oògùn gan-an, apá kejì yóò lo ohun tí ó jọ ọ́ tí kò sì sí oògùn nínú rẹ̀. Aláìsàn kò ní í mọ èyí tí òun ń lò, dókítà tí ń bi í léèrè pàápàá kò ní í mọ̀, kí ìfẹ́ ọkàn ẹnikẹ́ni má baà ti èsì sí apá kan. A ó máa ka ọjọ́ ìrora láti oṣù dé oṣù, a ó sì máa yẹ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wò kí oògùn má baà fi ọwọ́ kan wo ni, kí ó fi ọwọ́ kejì pa ni. Kò sí awo nínú èyí ju ti ogún ebè lọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀tá méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ní. Èkínní ni àwọn tí wọ́n kàwé díẹ̀ tí wọ́n sì ń yínmú sí ewé. Bí a bá dárúkọ egbò lójú wọn, wọn a ní ìwà ará oko ni. Mo fẹ́ kí irú wọn mọ̀ pé ara èèpo igi ni ọ̀nà tí ó dé inú oògùn ìrora tí wọ́n ń gbé mì ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1763, àlùfáà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Stone, kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pé òun ti fi ìyẹ̀fun èèpo igi kan tí ń hù ní etí omi tọ́jú nǹkan bí àádọ́ta ènìyàn tí ibà ń ṣe. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e wá ohun tí ó wà nínú èèpo náà títí ó fi di pé ní 1897 Felix Hoffmann ṣe aspirin ní ilé-iṣẹ́ Bayer ní Jámánì. Àwọn ará Ṣáínà kò sì gan ewé tiwọn. Ní 1967 ìjọba wọn kó àwọn onímọ̀ jọ láti wá oògùn ibà. Obìnrin kan nínú wọn, Tu Youyou, lọ tú ìwé àwọn baba ńlá wọn, ó mú ewé kan jáde, ó sì dán an wò títí ó fi yọrí. Ní 2015 a fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Oògùn ibà tí a ń rà ní Ìkirè lónìí, ara ewé náà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn ẹlòmíràn nìkan ni ó lè ṣe é. Nílé-Ifẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ń gbé wa lọ láti Àpòmù láàárín wákàtí kan, nínú yunifásítì tí a fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè láti 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti ẹnìkejì rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 1971. Wọ́n fi hàn pé omi egbò orín àtà, orín tí àwọn bàbá wa fi ń rún ẹnu, mú kí hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀ bí dòjé padà sí bí ó ti yẹ kí ó rí. Inú ìgò ìwádìí ni èyí ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe nínú ara ènìyàn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ṣí. Òtílì tí ẹ ń gbìn sí oko yín náà ti wọ inú ìdánwò: a fi oògùn tí a ṣe láti ara rẹ̀ dán 100 aláìsàn wò, a sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2005. Àbọ̀ náà mú ìrètí wá, bí kò tilẹ̀ tíì parí ọ̀rọ̀.

Èyí tí ó ga jù ni ti oògùn tí a pè ní Niprisan. Ọmọ Yorùbá kan, Àlùfáà Ògúnyalé, ni ó ní àgbo ìdílé kan fún fòní-kú-fọ̀la-dìde. Kò gbé e sin. Ó mú un lọ sí ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, NIPRD, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ti jẹ́ olórí. Ohun tí ó wà nínú àgbo náà kò ṣàjèjì sí yín: èso ìyèré, igi osùn, ewé ọkà bàbà, àti kànáfùrù. Wọ́n dán an wò lára ẹranko, lẹ́yìn náà wọ́n fi dán aláìsàn 82 wò fún oṣù méjìlá, ní ọ̀nà tí mo ti ṣàlàyé, tí aláìsàn kò mọ̀, tí dókítà kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé, ọjọ́ ìrora dín kù ní àkókò tí wọ́n ń lo oògùn gan-an. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n tún ìwádìí náà yẹ̀ wò gbà pé ó ní ìrètí, wọ́n sì ní kí a tún ṣe èyí tí ó tóbi jù ú lọ. Bí olóòótọ́ ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó tẹ̀ lé e, nítorí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ egbòogi ti di ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ní 2002, a fi àṣẹ ṣíṣe oògùn náà fún ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, láti New Jersey. Ní 2003, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ipò oògùn tí a ń ràn lọ́wọ́ nítorí àrùn tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní oṣù keje 2006, Ààrẹ Ọbásanjọ́ ṣí i ní gbangba ní orúkọ Nicosan. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Ní oṣù kọkànlá 2008, ilé-iṣẹ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Oògùn dáwọ́ dúró. Ọmọ tí ó ti ń lò ó ní Nàìjíríà kò rí i rà mọ́.

Ẹ rò ó wò. Ewé tiwa ni. Ẹni tí ó mọ àgbo náà, tiwa ni. Onímọ̀ tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, tiwa ni. Ara àwọn ọmọ wa ni a sì ti dán an wò. Kọ́kọ́rọ́ ilé nìkan ni a gbé fún àlejò, nígbà tí àlejò wọ gbèsè, onílé sùn síta. Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó mọ ìtàn yìí dáadáa: a gbìn ín, a ká a, a sá a, a kó o ránṣẹ́, ó sì padà wá bá wa nínú bébà dídán ní owó tí ọmọ wa kò lè rà. Àìrìn pọ̀ ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Bí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ Yorùbá bá ti dá owó jọ ní 2002, ta ni yóò sọ pé a kò lè kọ́ ilé-iṣẹ́ kan fún oògùn tí ó ti inú oko wa wá?

Ọ̀tá kejì ni àwọn tí ń fi gbohùngbohùn kéde ní ọjà pé agbo kan ṣoṣo ń wo làkúrègbé, jẹ̀díjẹ̀dí, ìtọ̀ ṣúgà, àìrọ́mọbí àti àìrówóná. Wọ́n ń pe ara wọn ní ajagun àṣà, wọn a ní òyìnbó ni ó rán ẹni tí ó bá béèrè ìdánwò. Irọ́ ni. Ọ̀tá àṣà ni wọ́n. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Nígbà tí wọ́n bá ta omi aláwọ̀ fún ọmọ Àpòmù, tí ìrora kò lọ, kì í ṣe orúkọ tiwọn ni ó ń bàjẹ́ bí kò ṣe orúkọ onísègùn àtàtà tí ó mọ iṣẹ́. Àwọn aláìbẹ̀rù tilẹ̀ wà tí ń lọ oògùn òyìnbó kúnná pò mọ́ agbo, kí ìrora lè tètè lọ lẹ́ẹ̀kan, kí onírora sì padà wá rà á.

Wọn a sì wí pé, "Àwọn bàbá wa mu ún, kò pa wọ́n." Ẹni tí ó pa kò padà wá ròyìn fún wa. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó hù láti inú ilẹ̀ ni kò lè pani. Ní ìlú Brussels, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí i, àwọn obìnrin tí wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún ni kíndìnrín wọn bàjẹ́ nítorí ewé tí wọ́n mu láti fọn, tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò kí a tó fún wọn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní Brussels níbi tí ilé ìwòsàn wà ní gbogbo àdúgbò, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ ní abúlé tiwa?

Àtakò kan ni mo bọ̀wọ̀ fún, ti àwọn onísègùn àgbà tí wọ́n ń wí pé, "Bí mo bá sọ orúkọ ewé mi fún Yunifásítì, wọn yóò gbà á, wọn yóò gbàgbé mi." Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀rù yín kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ṣùgbọ́n àṣírí tí a gbé wọ sàréè kò ní ajogún. Ìwé àdéhùn ni ó lè dáàbò bò yín, ìjọba tiwa ni ó sì yẹ kí ó kọ ọ́.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè nìyí. Èkínní, kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ya owó pàtó sọ́tọ̀ nínú ìṣúná ọdọọdún fún yíyẹ àwọn agbo ìrora wò pẹ̀lú àwọn onímọ̀ oògùn ní Ifẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjà Ìkirè àti ọjà Àpòmù. Èkejì, kí a kọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú onísègùn kí ó tó la ẹnu sọ ohun tí ó mọ̀. Kí orúkọ rẹ̀ àti ìpín rẹ̀ wà nínú ìwé náà, kí ó sì kan àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe gbé àṣẹ oògùn kankan tí ó bá yọrí fún àjèjì, àfi bí a bá ń ṣe é nílé níbí, tí àṣẹ náà yóò sì padà sọ́wọ́ wa ní ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà bá ṣubú. Ẹ̀kẹrin, kí a fi Yorùbá kéde èsì ìdánwò, èyí tí ó dára àti èyí tí kò dára, kí a kà á lórí rédíò, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà. Ẹni tí ó bá po oògùn òyìnbó mọ́ agbo, kí a gbé e dé ilé ẹjọ́. Ẹ̀karùn-ún, kí káńsù Irewọlé àti káńsù Ìṣọ̀kan pèsè ilẹ̀ fún gbígbin orín àtà, osùn àti ìyèré, nítorí igi tí a ń wú egbò rẹ̀ láìgbin òmíràn yóò tán. Kànáfùrù nìkan ni a ń rà láti òkèèrè. Èyí tí ó kù, ọwọ́ àgbẹ̀ wa ni ó wà.

Títí ìdánwò yóò fi parí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ọ̀rọ̀ mi da oògùn dókítà nù, kí àwọn ọ̀dọ́ wa sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó fẹ́ ara wọn.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, bí olùdíje bá dé wọ́ọ̀dù yín tí ó ń pín ìyọ̀, ẹ bi í léèrè: "Èló ni ìwọ yóò fi sílẹ̀ fún yíyẹ agbo wò?" Bí kò bá lè dáhùn, ẹ gba ìyọ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń dàgbà, ìrora rẹ̀ ń bá a dàgbà. Ní ọjọ́ tí òun tàbí ọmọ tiyín bá tún ké ní òru, tí ẹnì kan sì gbé ìgò wọlé, ó yẹ kí ìyá rẹ̀ lè béèrè pé mélòó ni ó mu ún, mélòó ni ara wọn yá, kí ó sì rí ìdáhùn gbà.